Òkété Nínú Igbó àti Láwùjọ Ènìyàn

Kò sí eku ilé tàbí eku oko kan nílẹ̀ Yorùbá tí ó tó òkété ní títóbi. Èyí tí ó bá dàgbà dáadáa sábà máa ń wọn kílò kan sí kílò kan ààbọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú tí ó pọ́n díẹ̀, ikùn rẹ̀ mọ́ ju ẹ̀yìn lọ, ìrù rẹ̀ gùn, kò ní irun, apá ìparí rẹ̀ sì funfun, èyí tí ó mú kí ó rọrùn láti dá a mọ̀ láàárín àwọn eku yòókù. Méjì ni irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: Cricetomys gambianus, tí ó fẹ́ràn ọ̀dàn àti àyíká ibùgbé ènìyàn, àti Cricetomys emini, tí ó jẹ́ ti inú igbó. Àwọn onímọ̀ ẹranko kò kà á mọ́ ẹbí èkúté ilé. Ẹbí tirẹ̀ yàtọ̀, ilẹ̀ Áfíríkà àti erékùṣù Madagásíkà nìkan ni ẹbí náà sì wà.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ jù ni àpò méjì tí ó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òru ni ó ń jẹ̀. Bí ó bá bá ẹyìn, ẹ̀pà tàbí àgbàdo pàdé, kì í sábà dúró jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Á kó o sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì á fi wú, á sì gbé e lọ sínú ihò. Ìdí igi ńlá tàbí ẹ̀gbẹ́ òkìtì ọ̀gán ni ó sábà ń gbẹ́ ihò sí. Ihò náà kì í ní ojú kan ṣoṣo, ó sì ní yàrá: ibi orun lọ́tọ̀, ibi ìkóúnjẹsí lọ́tọ̀, ibi ìyàgbẹ́ lọ́tọ̀. Kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ń kó. Wọ́n ti bá owó ẹyọ, kọ́kọ́rọ́ àti ìdérí ìgò nínú ihò òkété rí.

Ìkójọ yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kì í sábà tó o. Òkété a máa bo hóró èso mọ́lẹ̀ káàkiri lábẹ́ ewé, kì í sì í padà dé ìdí gbogbo wọn. Bí òjò bá rọ̀, díẹ̀ nínú wọn á hù, níbi tí ó jìnnà sí ìyá wọn. Igi tí hóró rẹ̀ tóbi, tí ẹyẹ kékeré kò lè gbé mì, nílò irú ẹranko báyìí gidigidi. Nínú igbó tí erin ti tán, tí ọdẹ sì ti lé ọ̀bọ àti àgbìgbò lọ, àwọn tí ó kù láti gbé irú hóró bẹ́ẹ̀ kiri kò pọ̀ mọ́. Òkété wà lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ sì tún ni oúnjẹ òwìwí, òjòlá àti ẹtà.

Àgbẹ̀ ní ẹjọ́ láti bá a rò, ẹjọ́ náà sì tọ́. Òkété a máa wú iṣu, á jẹ ẹ̀gẹ́, á hú ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dẹ pàkúté fún un, tàbí kí wọ́n dí àwọn ojú ihò yòókù, kí wọ́n sì fín èéfín sí ọ̀kan. Ẹran rẹ̀ dùn, pàápàá tí wọ́n bá yan án gbẹ, ó sì ń mówó wọlé.

Orúkọ rẹ̀ kò wọ́n nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kì í ṣe ìmọ̀ nípa ẹranko, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú òbí ni. Nínú ìtàn Ifá, òkété bá Ifá mulẹ̀, ó sì dalẹ̀, orúkọ rẹ̀ wá di àpẹẹrẹ ọ̀dàlẹ̀. Síbẹ̀, eku àti ẹja kì í wọ́n níwájú Ọ̀rúnmìlà, wọ́n sì wà lára ohun tí a fi ń sọmọ lórúkọ. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò bá òkété níbẹ̀. Jutía, ẹranko ilẹ̀ náà tí ó jẹ́ ìbátan eku, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń yan án gbẹ, wọ́n ń lọ̀ ọ́, eku ni àwọn ẹlẹ́sìn Lukumí, ẹ̀sìn tí àwọn Yorùbá náà gbé débẹ̀, sì ń pè é títí di òní.

Ti àrùn gba àfiyèsí. Kì í ṣe òkété ni a mọ̀ sí olórí ẹranko tí ń tan àrùn Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní. Eku kékeré kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀, Mastomys natalensis, ni. Ó ń wọ ilé àti àká, ó sì ń tọ̀ sí oúnjẹ tí a kò bò. Ṣùgbọ́n òkété náà lè gbé àrùn. Ní 2003, wọ́n kó nǹkan bí 800 ẹranko kéékèèké láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà fún títà, òkété wà nínú wọn. Àrùn mpox bá wọn wọ̀lú. Láti ọdún náà ni ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de kíkó òkété wọlé. Ẹni tí ó bá ń kun ẹran ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó sì se ẹran náà jinná.

Ojú òkété kò ríran tó bẹ́ẹ̀, imú rẹ̀ ló gbọ́n. Ní 1997, Bart Weetjens, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, dá ẹgbẹ́ APOPO sílẹ̀ láti lo imú yìí. Ìlú Morogoro ní Tànsáníà ni wọ́n ti ń kọ́ òkété láti gbóòórùn àdó olóró tí ogun fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Bí òkété bá gbọ́ òórùn náà, á fi ọwọ́ ha ilẹ̀, wọ́n á fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò wúwo tó láti mú àdó náà bú. Magawa, ọ̀kan nínú wọn, ṣiṣẹ́ ní Cambodia, ó rí àdó abẹ́ ilẹ̀ 71, ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà láti ọwọ́ àjọ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020, ó sì kú ní 2022. Àwọn òkété mìíràn ń gbóòórùn ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn: ní ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan lè yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọgọ́rùn-ún wò.

Ẹranko tí ó gbẹ̀kọ́ tó báyìí ṣeé sìn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, láwọn ọdún 1970, S. S. Ajayi ti ṣèwádìí lórí sísin òkété fún ẹran. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí oṣù kan lọ, ó sì sábà ń bí ọmọ bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ tí ń wá ẹran sìn fi òkété kún un, kí àwọn tí ń dáná sun igbó nítorí rẹ̀ sì jáwọ́.