Bí Ọkọ̀ Bá Ń Kérora Láàárọ̀, Ṣé Bátìrì Ló Kú?

Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn awakọ̀ wôrô-wôrô ti máa ń jí ní Abobo àti Yopougon, nílùú Abidjan. Wôrô-wôrô ni takisí tí èrò ń jọ wọ̀ láti àdúgbò kan sí òmíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti gbó. Awakọ̀ á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì á rọra máa yí bí arúgbó tó ń gun òkè, á sì dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó lè dáhùn, ó sì lè má dáhùn. Àwọn èrò tó ń lọ sí Adjamé á ti bá ọkọ̀ míì lọ. Owó oúnjẹ ilé ló bá wọn lọ yẹn.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé, “Bátìrì ti kú.” Wọ́n á ra tuntun, àmọ́ kò ní pẹ́ tí ìkérora náà á tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni ibà.

Nígbà kan, irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀ tí wọ́n á sì fi ọwọ́ yí i kí ẹ́ńjìnì tó dáhùn. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe kíìkì oníná tí Cadillac fi sínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Látìgbà náà, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: bátìrì tó lágbára, wáyà tó ń gbé iná náà, àti kíìkì tó ń yí ẹ́ńjìnì. Bí ọ̀kan bá ṣaláìsàn, gbogbo rẹ̀ á falẹ̀.

Àyẹ̀wò tí kò náni ní kọ́bọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Ṣé ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti bo orí bátìrì? Ṣé irin tó di wáyà mú ń mì bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án? Iná tí kíìkì ń fà máa ń ju 100 ampere lọ, torí náà ìdọ̀tí díẹ̀ lè dí i lọ́nà, kódà bí rédíò àti iná ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì lè fọ ìdọ̀tí náà dànù. Wáyà dúdú ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí wọ́n dè kẹ́yìn, kí sípánà má bàa tan iná. Kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni mu sìgá nítòsí bátìrì, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tan iná iwájú, kí wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá ṣókùnkùn gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì ló rẹ̀, tàbí kó jẹ́ kíìkì ló ń fa iná jù. Bí iná náà bá ṣì mọ́lẹ̀ kedere tí ẹ́ńjìnì ò sì yí dáadáa, wáyà tàbí kíìkì ni kí wọ́n fura sí.

Mítà rìwáyà máa ń jẹ́ kọ́rọ̀ náà túbọ̀ yéni. Bátìrì 12 volt tó kún, tó sì ti sinmi mọ́jú, máa ń fi nǹkan bí 12.6 hàn, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti lọ sí nǹkan bí ìdajì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí kò bá kúrò lórí 12.5, alternator ò ṣiṣẹ́ mọ́, bátìrì tuntun náà á sì kú. Kẹ́nikẹ́ni má ṣe yọ wáyà bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò o, torí ó lè ba àwọn nǹkan oníná inú ọkọ̀ jẹ́.

Bí ọkọ̀ bá dáhùn láàárọ̀ àmọ́ tó ń falẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, kíìkì tó ti jẹ tàbí wáyà tó ti bàjẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ní Abidjan, ooru máa ń gé ẹ̀mí bátìrì kúrú, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti òkun wá sì lè mú kí irin dípẹtà. Bí ọkọ̀ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú afárá, tí ẹ̀rọ amúlétutù àti iná ń ṣiṣẹ́, díẹ̀ ni alternator ń rí dá pa dà sínú bátìrì.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ló ń gbé ní Abidjan. Ìdílé tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sílé máa gba Gánà, Tógò àti Benin kọjá. Kí àwọn ọmọ tó wọlé jókòó, ó yẹ kí bàbá wọn ti dá sílé bátìrì, kó nu orí rẹ̀, kó sì fa wáyà méjèèjì wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nílé sàn ju òru ọjọ́ kan lọ ní bọ́dà.