Àlejò Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Lọ sí Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Òwe Yorùbá kan sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí òwe yìí bá ṣẹ níbì kan, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni. Ó ti pẹ́ tí ọmọ Yorùbá ti ń lọ sí ìlú náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kàwé, olùkọ́ ń lọ sí àpérò, ìyá àgbà ń lọ kí ọmọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ bí sí ọ̀hún. Púpọ̀ nínú wọn a máa ṣìnà, wọn a sì máa ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àìgbọ́n kọ́ ni ó ń fà á. Kókó ọ̀rọ̀ ètò yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí ó ń fà á gan-an, àti bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí ṣe lè yẹra fún un.

Nílẹ̀ Yorùbá, ènìyàn ni ó ń gba àlejò. Bí àjèjì bá wọ ibùdó ọkọ̀ ní Ìbàdàn, agbèrò ni yóò máa ké orúkọ ìlú tí ọkọ̀ ń lọ sí i létí. Bí ó bá dé ìlú tí kò mọ̀, yóò kí ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé, yóò béèrè agbo ilé tí ó ń wá, wọn yóò sì fi ọmọdé kan sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní abèèrè kì í ṣìnà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àkọlé ni ó ń gba àlejò. Kò sí agbèrò tí yóò pe èrò sínú bọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà rẹ̀ àti ibi tí ó ń lọ ti wà lára rẹ̀ ní kíkọ. Kò sí ẹni tí yóò sọ iye owó ọkọ̀ tàbí ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà jáde. Gbogbo rẹ̀ wà lára ògiri. Ẹnu ni àlejò fi ń rin ìlú wa; ojú ni ó fi ń rin tiwọn.

Nígbà kan, àwọn ọmọ Adúláwọ̀ wá ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WASU sílẹ̀. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé kan ní àdúgbò Camden, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ni kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ilé náà dà bí agbo ilé fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí. Nítorí náà, ilé ni àlejò ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìmúra.

Ìmúra láti Ilé

Ohun kìíní ni àdírẹ́sì. Kò tó kí ènìyàn mọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, nítorí òpópónà tí ń jẹ́ Church Road kì í ṣe ẹyọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fi ṣe àmì àdúgbò, irú bí SE15 ti Peckham, ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn. Kí àlejò kọ àdírẹ́sì náà ní kíkún sórí ìwé méjì, kí ọ̀kan wà nínú àpò ọwọ́, kí èkejì wà nínú àpò kóòtù. Iná tẹlifóònù lè tán; iná ìwé kì í tán.

Ohun kejì ni owó. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti tọ́jú owó pọ́n-ùn tí bàbá tàbí àǹtí kan mú bọ̀ láti Ìlú Ọba ní ọjọ́ pípẹ́. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni owó bébà pọ́n-ùn 20 àti 50 kò ti ṣe é ná mọ́. Ti 5 àti 10 ti kúrò nílẹ̀ ṣáájú wọn. Owó oníke ni a ń ná báyìí. Ẹni tí ó bá mú ti àtijọ́ lọ kò pàdánù pátápátá, nítorí báńkì àpapọ̀ ìlú náà ṣì ń gbà á pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìtajà tí ó di dandan fún láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kẹta ni ẹrù. Òfin kò gba àlejò láti Nàìjíríà láàyè láti mú ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọ̀lú, ì báà ṣe ẹran gbígbẹ tí a fẹ́ fi sebẹ̀ fún ọmọ. Kọ́sítọ́ọ̀mù yóò gbà á. Bákan náà, ẹrù ẹlẹ́rù tí a dì pa tí a kò sì tú wò kò yẹ ní gbígbà, bí ó ti wù kí ẹni tí ó bẹni níṣẹ́ súnmọ́ni tó. Ohun tí wọ́n bá rí nínú àpótí, ẹni tí ó gbé àpótí ni yóò dáhùn fún un.

Ti aṣọ kò gba àlàyé púpọ̀: kí kóòtù wà lọ́wọ́, kí ó má ṣe wà nínú àpótí, nítorí ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ ni òtútù ti ń pàdé àlejò. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn a ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní oṣù Kẹfà, a máa ràn kọjá agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀rọ tí a ń fi sínú iná níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa. Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò ṣe pàtàkì, nítorí àlejò tí a bá dá dúró sí ilé ìwòsàn yóò san owó gọbọi.

Ní Pápákọ̀ Òfuurufú

Òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ìwé ìrìnnà wò yóò béèrè ohun tí àlejò wá ṣe, ibi tí yóò dé sí àti ọjọ́ tí yóò padà. Níhìn-ín ni ìwà ọmọlúàbí tiwa ti lè di ìṣòro. Yorùbá kì í dáhùn gán-ín. A ó kọ́kọ́ kí ènìyàn, a ó sì pìtàn ẹbí. Òṣìṣẹ́ náà kò ka èyí sí ọ̀yàyà. Ohun tí ó ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò bá ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ mu. Kí ìdáhùn kúrú, kí ó sì jẹ́ òtítọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè fi ọkọ̀ ojú irin gbà kúrò ní Heathrow. Ti Piccadilly, tí ó dé ibẹ̀ ní 1977, ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ni ó sì pẹ́ jù. Ti Elizabeth, tí a ṣí ní 2022, yá jù ú lọ. Èyí tí ó yá jù ni Heathrow Express tí ń lọ sí Paddington, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Kí àlejò má ṣe tẹ̀ lé awakọ̀ tí ó bá wá bá a nínú pápákọ̀ pé òun yóò gbé e lọ. Takisí dúdú nìkan ni òfin fún láyè láti gbé èrò tí kò ti ṣètò sílẹ̀.

Ìrìn Àárín Ìlú

Ewu tí ó tóbi jù wà ní títì. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń tọ̀ ní Ìlú Ọba. Àwa náà ń tọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ojú tí ó ti mọ́ra láti kọ́kọ́ wo òsì kí a tó sọdá lè pani níbẹ̀. Ọ̀tún ni kí àlejò kọ́kọ́ wò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ títì.

Láti ọdún 2014, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Káàdì Oyster, tàbí káàdì báńkì tí a lè fi kan ẹ̀rọ, ni a fi ń sanwó, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fi káàdì kan ẹ̀rọ, nígbà tí a bá ń wọlé. Ní ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni: nígbà tí a bá ń wọlé àti nígbà tí a bá ń jáde. Ẹni tí ó bá gbàgbé ti ìjáde, owó tí ó pọ̀ jù lọ ni ẹ̀rọ yóò yọ. Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì kan, tí ó sì wọ òmíràn láàárín wákàtí 1, kò ní san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí ó bá jẹ́ káàdì kan náà ni ó lò.

Ọdún 1863 ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ipa 11 ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀ lórí àwòrán. Kí àlejò mọ àwọ̀ ipa tirẹ̀, kí ó sì mọ orúkọ ibùdókọ̀ tí ó kẹ́yìn sí apá ibi tí ó ń lọ. Nípa bẹ́ẹ̀ kò ní wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí òdìkejì. Lórí àtẹ̀gùn tí ẹ̀rọ ń gbé, ọwọ́ ọ̀tún ni a ń dúró sí, kí àwọn tí ń kánjú lè gba òsì kọjá. Bí àkọlé kò bá yéni, kí a tọ òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ lọ. Àwọn èrò inú ọkọ̀ kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìkórìíra. Bí ewu bá dé, nọ́ńbà 999 ni a ń pè fún ọlọ́pàá, panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn.

Ẹni Tí Kò Mọ̀wé Kà

Bí ó bá jẹ́ pé àkọlé ni ó ń gba àlejò, báwo ni ti ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà? Ìyá tí ó ti ń dá ná ọjà mẹ́rin-márùn-ún láti ìgbà èwe rẹ̀ lè dé Lọ́ńdọ̀nù kí ó di ẹni tí kò lè dá jáde nílé fún oṣù mẹ́ta. Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún àgbàlagbà, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ iye tí a kọ sára owó náírà lè mọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ibẹ̀ a máa fi ohùn pe orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti kọ́ ọ ní orúkọ náà, etí rẹ̀ yóò mú un. Kí ọmọ rẹ̀ bá a rin ọ̀nà kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní Rye Lane ní Peckham, yóò gbọ́ èdè Yorùbá lẹ́nu àwọn ọlọ́jà, yóò sì rí ẹni bi léèrè.

Iṣẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wà níbí. Àwọn ni wọ́n mọ̀wé kà nínú ẹbí, àwọn ni ó sì yẹ kí ó jókòó ti ìyá wọn ṣáájú ìrìn-àjò, kí wọ́n fi àwòrán ọ̀nà hàn án, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó ka nọ́ńbà náà títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Àlejò lójú, ó sì lè fi ríran, bí ẹni tí ó ti mọ ọ̀nà bá kọ́kọ́ là á lójú láti ilé.