Omi Tí Ó Mọ́ Lójú Lè Má Mọ́ Nínú

Ní Agbabu, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó tí Orè jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ọ̀dà dúdú tí à ń pè ní bítúmẹ̀nì a máa sun jáde láti inú ilẹ̀, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá epo ní agbègbè náà.

Níbi tí ọ̀dà bá ti kan omi, díẹ̀ nínú èròjà rẹ̀ lè wọ inú omi, kí omi náà sì mọ́ gaara lójú síbẹ̀. Sísè a máa pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kò lè mú irú èròjà bẹ́ẹ̀ tàbí irin olóró kúrò.

Nítorí ìṣòro báyìí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń dán òróró tuntun kan wò, tí wọ́n ń pè ní hydrophobic eutectic solvent. Èròjà méjì ni a pò pọ̀ di òróró tí kì í bá omi rẹ́. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù, tí òórùn rẹ̀ wà nínú ìpara òtútù, jẹ́ ohun líle tí kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 42 Celsius. Thymol, tí ó wà nínú ewé táímù, ń fẹ́ nǹkan bí 50. Ṣùgbọ́n bí a bá po méjèèjì pọ̀, wọn a di òróró láìgbé wọn ka iná, nítorí pé ọ̀kan kì í jẹ́ kí èkejì tò jọ kí ó le.

Bí a bá gbọn òróró yìí pọ̀ mọ́ omi, èròjà ọ̀dà, tí òun náà kì í bá omi rẹ́, a fi omi sílẹ̀ lọ bá òróró. Bí a bá gbé e kalẹ̀, òróró a léfòó bí epo pupa ti ń léfòó lójú ọbẹ̀, a ó sì gbọ́n ọn kúrò pẹ̀lú ohun tí ó kó.

Ní 2015 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Họ́láńdì àti ilẹ̀ Potogí tẹ ìwé jáde lórí irú òróró yìí. Ní 2016, àwọn ti Họ́láńdì po ásíìdì kan mọ́ lidocaine, oògùn tí oníṣègùn eyín fi ń pa ẹran ara kú, wọ́n sì fi fa irin jáde nínú omi. Ásíìdì náà wà nínú àdín àti òróró àgbọn, tí kò ṣàjèjì sí ará Odígbó.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù. Díẹ̀ nínú òróró náà lè ṣẹ́kù sínú omi, a sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí omi tó ṣeé mu. Èyí tí ó ti kó májèlé kò ṣeé dà sí odò. Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìdáná; kí ẹnikẹ́ni má ṣe da mẹ́ńtọ́ọ̀lù sínú ìkòkò omi rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ kànga, kí ó jìnnà sí ibi tí ọ̀dà ti ń sun. Ẹni tí ó bá rí àwọ̀ bí òṣùmàrè lójú omi rẹ̀, tàbí tí ó gbóòórùn ọ̀dà, kí ó má ṣe mu ún, ìbáà ṣe sísè. Kí ó fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí, kí a lè yẹ omi náà wò.