OMI ÌRÌN-ÀJÒ: ṢÉ KÍ TÁŃKÌ KÚN DẸ́NU NI, ÀBÍ KÍ Ó ṢÓFO?

 

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí fúyẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó wúwo lójú ọ̀nà. Bí ènìyàn bá ń lọ sí ìrìn-àjò tí ó sì ní láti gbé omi dání, ṣé kí ó pọn ọ́n kún dẹ́nu ni, ṣé kí ó pọn ọ́n dé ìlàjì ni, tàbí kí ó lọ lófìfo, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé omi tí ó wà níwájú? Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ní ọkọ̀-ilé, ìyẹn ọkọ̀ tí ibùsùn, ibi ìdáná àti balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀, máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ọkọ̀-ilé kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Kàbà, tí ó sì mọ bí omi ṣe ń wọ́n ní ìlú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò gbà pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Táńkà omi ń ná ojú ọ̀nà wa. Kẹ́ẹ̀gì omi ń bẹ nínú bùùtù ọkọ̀ wa. Ẹ̀mí ènìyàn sì so mọ́ bí a ṣe gbé e.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ táńkì. Ohun tí ó kàn mí níbẹ̀ ni pé àwọn baba wa ti fi èdè ronú lórí ohun tí ó kún àti ohun tí kò kún kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí. Òwe wọn wà lẹ́nu wa. Ó yẹ kí á wò ó bóyá òwe náà bá ohun tí omi ń ṣe nínú táńkì mu.

1. Ìwọ̀n omi

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìwọ̀n. Lítà omi kan wọn kílò kan. Kò sí ìṣirò tí ó rọrùn jù báyìí lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe é. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí a bá pọn kún wọn kílò 25, láìka ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Bí ìdílé kan bá kó irú rẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀, kílò 100 ni wọ́n kó síbẹ̀. Ó ju ìwọ̀n àgbàlagbà kan lọ dáadáa. Omi inú ọ̀rá tí à ń rà ní àpò, tí ẹyọ 20 onísẹ́ńtílítà 50 máa ń wà nínú àpò kan, jẹ́ kílò 10. Táńkà tí ó gba lítà 10,000 gbé tọ́ọ̀nù 10 omi.

Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́kọ̀-ilé fi ń jiyàn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí ó wọ́pọ̀ kò gbà kí ènìyàn wa ọkọ̀ tí ìwọ̀n òun àti ẹrù rẹ̀ ju kílò 3,500 lọ. Ẹni tí ó bá kó lítà 100 omi sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti fi kílò 100 ṣòfò nínú ẹrù tí òfin fún un láyè láti gbé. Nítorí náà, àwọn kan ń sọ pé kí a lọ lófìfo, kí a pọn omi nígbà tí a bá gúnlẹ̀.

Ní tiwa, ohun tí ìwọ̀n ń bá jà ni bíréèkì àti táyà. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni bíréèkì yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó kí ọkọ̀ tó dúró. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, irin ibẹ̀ yóò gbóná. Bí ó bá gbóná kọjá àlà, kò ní lè di ọkọ̀ náà mú mọ́. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Òkun. Ẹni tí ó kó omi kún táńkì lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti fún bíréèkì rẹ̀ ní iṣẹ́ ńlá ṣe.

2. Omi tí kò kún

Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n nìkan ni, ìdáhùn ìbéèrè wa ìbá rọrùn: bí omi bá ṣe kéré tó ni ìrìn-àjò yóò ṣe dára tó. Ṣùgbọ́n omi kò dàbí iṣu tàbí àpò sìmẹ́ǹtì. Iṣu máa ń jókòó níbi tí a bá gbé e sí. Omi a máa rìn.

Bí táńkà bá kún, omi inú rẹ̀ kò rí àyè rìn; ńṣe ni ó dàbí òkúta kan ṣoṣo. Bí táńkà bá ṣófo, kò sí ohun tí yóò rìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ìlàjì, omi ti rí àyè. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ fẹ́ dúró, omi kò tíì gbà láti dúró. Yóò ya síwájú, yóò kọlu iwájú táńkì, yóò sì ti ọkọ̀ lọ síbi tí awakọ̀ kò fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò tún padà sẹ́yìn. Ní kọ́nà, omi yóò wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde kọ́nà náà, gbogbo ìwúwo rẹ̀ yóò sì dà sórí táyà ẹ̀gbẹ́ kan. Bí awakọ̀ bá yí ọwọ́ padà lójijì, omi yóò wọ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Báyìí ni táńkà ṣe ń dojú dé ní ibi tí ọkọ̀ tí ó gbé igi tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bákan náà ìbá kọjá láìṣe nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé bí omi ṣe ń dé ojúlé wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Awakọ̀ táńkà pọn omi kún, ó gbéra. Ó dé ilé àkọ́kọ́, ó já díẹ̀ sílẹ̀. Ó dé ilé kejì, ó já òmíràn. Nígbà tí yóò fi máa lọ sí ilé kẹta, táńkà rẹ̀ ti dé ìlàjì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nítorí pé ẹrù ti fúyẹ́. Ó tẹ iná mọ́tò. Ní àkókò tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ yìí gan-an ni ewu pọ̀ jù lọ, nítorí pé ohun tí ó fúyẹ́ ti rí àyè rìn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú délé ju gbogbo ìyókù lọ.

Àwọn àgbà wí pé àgbá òfìfo ní ń pariwo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbá tí ó dé ìlàjì kì í pariwo títí yóò fi pa ènìyàn. Wọ́n tún wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Ọ̀rọ̀ ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ààbọ̀ omi kì í di odidi nínú táńkì.

Èyí kò wá sọ pé táńkà tí ó kún kò léwu. Bí táńkì bá ga lórí ọkọ̀, tí ó sì kún, ìwúwo rẹ̀ wà lókè, ó sì lè mú kí ọkọ̀ ṣubú bí awakọ̀ bá sáré wọ kọ́nà. Ìrántí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, táńkà kan já kúrò lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀ ní Félélé ní Lọ́kọ́jà, ó kọlu àwọn ọkọ̀ mìíràn, iná sì sọ. Ènìyàn tí ó kú lé ní 20, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Epo ni táńkà náà gbé, kì í ṣe omi. Ṣùgbọ́n ohun olómi ni àwọn méjèèjì, òfin ìwúwo kan náà ni ó sì de wọ́n.

3. Ọgbọ́n àwọn tí ó ru omi ṣáájú wa

Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Núpé ń kó ilẹ̀ Òkun lẹ́rú, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa sá lọ tẹ̀dó sórí òkè. Ẹni tí ó bá sùn lórí òkè, tí odò sì wà nísàlẹ̀, kò ní ṣàì mọ ohun tí omi ń ṣe nínú ìkòkò. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pọn omi tán, wọn a já ewé tútù tàbí kí wọ́n da igbá dé ojú omi náà kí wọ́n tó gbé e ka òṣùká. Ewé yẹn kì í jẹ́ kí ojú omi ru, kì í jẹ́ kí ó dà sí wọn lọ́rùn.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí lónìí. Nínú táńkà tí a rọ dáadáa, wọ́n máa ń to àwọn ògiri irin tí ó ní ihò lára sí àárín, kí omi má baà lè ti ìpẹ̀kun kan sáré dé ìpẹ̀kun kejì. Ewé àwọn ìyá wa àti ògiri irin yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tí ó yẹ kí olówó táńkà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó rọ ọ́ fún un ni pé: ògiri mélòó ni ó wà nínú rẹ̀?

Àwọn ará aṣálẹ̀ Sàhárà náà ní ọgbọ́n tiwọn. Inú àpò awọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń kó omi sí. Bí wọ́n bá ṣe ń mu omi, bẹ́ẹ̀ ni àpò náà ń sún kì. Omi inú rẹ̀ ń dín kù, ṣùgbọ́n kì í rí àyè sáré.

4. Ẹni bá da omi síwájú

Ìbéèrè kan ṣì kù: ṣé omi wà níwájú? Ní ọdún 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, bá àwọn oníṣòwò rìn gba Sàhárà kọjá lọ sí ilẹ̀ Málì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti Taghaza, ìlú oníyọ̀, ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá ni ó wà níwájú wọn láìdájú pé wọn yóò rí omi. Wọ́n pọn omi níbẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ṣùgbọ́n ràkúnmí kò lè gbé omi tí yóò tó dé òpin ìrìn-àjò. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n háyà ẹnìkan tí ó mọ ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní takshif, pé kí ó ṣáájú wọn lọ sí ìlú Walata pẹ̀lú ìwé. Àwọn ará Walata yóò sì gbé omi jáde wá pàdé wọn ní ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sí ìlú.

Yorùbá wí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ó dàbí ẹni pé àwọn oníràkúnmí wọ̀nyí ni a fi òwe náà kì. Ìmọ̀ nípa ohun tí ó wà níwájú ń dín ẹrù kù. Ẹni tí kò mọ ibi tí omi wà ni ó gbọ́dọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ sórí. Ẹni tí ń lọ láti Lọ́kọ́jà sí Kàbà, tí ó sì mọ̀ pé òun ní ará ní Ọbájánà, kò nílò kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Èyí tí yóò mu àti èyí tí yóò fi ṣètọ́jú ẹ́ńjìnì ti tó.

5. Ìmọ̀ràn

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè wa nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí ó bá ní táńkì ńlá kan nínú ọkọ̀, kí ó jẹ́ kí ó kún tàbí kí ó ṣófo. Bí ọ̀nà kò bá jìn, tí omi sì wà níwájú, kí ó ṣófo, kí ó fi omi mímu nìkan sọ́wọ́. Bí omi kò bá sí níwájú, kí ó pọn ọ́n kún, bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti ju agbára ọkọ̀ lọ. Kí ó sì rọra rìn.

Ìkejì, ó sàn kí a pín omi sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké ju kí a da gbogbo rẹ̀ sínú àgbá ńlá kan lọ. Bí a bá ń lò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí a kò tíì ṣí yóò kún, àwọn tí a ti lò yóò ṣófo, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò dé ìlàjì. Kí a tò wọ́n sísàlẹ̀, kí a sì fi okùn dì wọ́n.

Ìkẹta, awakọ̀ táńkà omi tí ó ti tà dé ìlàjì gbọ́dọ̀ dín eré rẹ̀ kù ju ìgbà tí táńkà rẹ̀ ṣófo lọ. Kí ó ti wọ jíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó tà á tán ní àdúgbò kan kí ó tó kọjá sí òmíràn.

Wole Soyinka, tí ó kọ eré The Road jáde ní ọdún 1965, ni ó di alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1988. Ó fi hàn pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ lè ní ohun tí yóò ṣe fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà. Èmi náà yóò fi òwe kan parí tèmi. Nígbà tí ọmọdé bá kú tí ìyá rẹ̀ yè, a máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Àwọn àgbà fi yé wa níbẹ̀ pé agbè ṣe iyebíye ju omi lọ. Awakọ̀ ni agbè. Àwọn tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni agbè. Ọmọ tí ń ré ọ̀nà kọjá lọ sí ilé-ìwé náà sì ni agbè. Bí ọkọ̀ bá wúwo ju ohun tí bíréèkì lè mú lọ, kí awakọ̀ dúró lórí òkè kí ó tó sọ̀, kí ó ṣí ẹ̀rọ, kí ó sì da omi náà nù. Ojò yóò tún rọ̀.