Kòkòrò Ẹ̀gẹ́ àti Ewúrẹ́ Orí Òkè

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kòkòrò funfun tí ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ kò gùn tó mìlímítà 3. Ara rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìda funfun bò ó bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e lórí. Kò sí akọ láàárín wọn. Abo ní ń yé ẹyin, abo náà ní ń jáde nínú ẹyin. Ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń ṣù bò. Wọn a ki ẹnu tín-ín-rín bọ inú igi, wọn a máa fa omi rẹ̀ mu, títí ewé yóò fi lọ́ pọ̀, tí ẹ̀gẹ́ kò sì ní ta dáadáa mọ́.

Ewúrẹ́ igbó tó ń gbé orí òkè Alps ní Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní ibex, yàtọ̀ pátápátá sí kòkòrò kékeré yìí. Òbúkọ rẹ̀ lè wọn kìlógíráàmù 100, ìwo rẹ̀ sì lè gùn tó mítà 1. Etí pátákò rẹ̀ le, àárín rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó yọ̀ lórí àpáta. Ní Cingino, ní Ítálì, àwọn ewúrẹ́ yìí ń gun ògiri gàgàrà tí wọ́n fi sé omi, kí wọ́n lè lá iyọ̀ ara òkúta rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹranko ńlá yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Àwọn ọdẹ ń pa á nítorí ẹran, ìwo àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kà sí oògùn. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 100 ló kù, ní òkè Gran Paradiso ní Ítálì. Ọba Vittorio Emanuele II fi òfin dáàbò bo ibẹ̀ ní 1856, ó di ọgbà ìjọba ní 1922, àwọn ewúrẹ́ náà sì ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún báyìí.

Kòkòrò ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Kóńgò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì tàn káàkiri oko Áfíríkà. Agbọ́n kékeré kan láti Paraguay ló ṣẹ́gun rẹ̀: ó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ láti inú. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ló tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní 1981, Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ yẹ igi ẹ̀gẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó gbìn ín. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun lójú rẹ̀, ẹ má gbé e wọ oko.