Mílíìkì Tó Fara Pamọ́ Sínú Oúnjẹ Fíríìsà

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Ìlú Ọba, ẹni tí ara rẹ̀ kọ mílíìkì lè wà lára àlejò ìṣínu yín. Díẹ̀ péré lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé: ẹ má wo àwòrán ẹja iwájú páálí nìkan. Mílíìkì lè wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bo ẹja náà, dídín kì í sì í lé e jáde. Ẹ yí páálí padà, kí ẹ kà á. Láti 2014 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí mílíìkì hàn yàtọ̀ láàárín èròjà. Whey, casein, lactose, inú mílíìkì ni gbogbo wọn ti wá. “Lactose-free” pàápàá lè ní mílíìkì nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi àlejò yín, kí oore wa má di àbámọ̀.