Kọ̀ǹpútà Tó Kọ̀ Tí Kò Tàn: Ẹ Má Tètè Pè É Ní Òkú

Gbogbo ọmọ Yorùbá tó fi Port Harcourt ṣe ilé, láti Borokiri dé Diobu, títí dé Rumuokoro, ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ó sì kan ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́. Inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ṣoṣo ni orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó àjọ àti gbèsè alájẹṣẹ́kù sábà máa ń wà. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀ tí kò tàn, ìjà lè dé, nítorí kò sẹ́ni tó rántí iye tí Lágbájá ti san.

Ìlú tí a wà yìí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sinmi. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, nígbà mìíràn á dé tagbáratagbára. Etí omi la wà, ọ̀rinrin pọ̀. Èyí tó tún wá dá kún un ni èéfín dúdú tí gbogbo èèyàn ń pè ní soot, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé wa lórí ní ìparí ọdún 2016. Òun ló mú kí Gómìnà ìgbà náà, Nyesom Wike, gbógun ti àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì láìgbàṣẹ ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2022. Ohun tó ń wọ imú wa ń wọ inú kọ̀ǹpútà náà. Tó bá dí fáànù, ooru á mú ẹ̀rọ, á sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ tàn án. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọn ẹ̀gbin náà kúrò.

Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì tí fáànù kò yí rárá, láti ara ògiri ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé wáyà lọ sí ihò iná mìíràn, ẹ yẹ stabilizer wò. Ẹ wá wo ẹ̀yìn àpótí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ ló ní bọ́tìnì pupa kékeré níbẹ̀, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120, tiwa jẹ́ nǹkan bíi 230. Tó bá wà lórí 115 tí ẹ kì í bọ iná wa, power pack á jó lójú ẹsẹ̀. Power pack yìí nìkan ni wọ́n lè pààrọ̀, kí ìyókù sì yè. Ẹ má ṣe tú u fúnra yín o, iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà.

Tí fáànù bá ń yí tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ kọ́kọ́ tún wáyà mọ́nítọ̀ kì. Tó bá ń ké pín-pín-pín, ó ń fẹjọ́ sùn ni, RAM ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà, ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ra etí rẹ̀ tó dà bíi wúrà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí á fi dún. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ àti aago ló ń padà sẹ́yìn, bátìrì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní CR2032 ló ti kú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni ìgbà tó bá dé orí Windows tó dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ àwọn ẹnjiníà kan ni pé kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n lè yọ hard disk náà, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n sì da ìwé ẹgbẹ́ kọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Tí hard disk bá ń dún kọ-kọ-kọ, ẹ má tàn án mọ́, kó má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lóṣooṣù, ẹ da àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sórí flash méjì, kí akọ̀wé mú ọ̀kan, kí akápò mú èkejì. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní bàjẹ́ o.